Igun Kan Ṣoṣo: Ọ̀rọ̀ Lórí Pípọ́n àti Ìtọ́jú Ọ̀bẹ Àpò

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀dọ́ ní Adó-Èkìtì

Èkìtì Kete, ẹ kú ìkàlẹ̀ o! Alága ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ti oko wá síbí, ẹ kú oko, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ìsọ̀ dé nítorí ọ̀rọ̀ yìí, a ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ̀yin oníná, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin ẹlẹ́mu, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí yín o.

Ilẹ̀ tí a wà yìí, ilẹ̀ irin ni. Ìrè-Èkìtì kò jìnnà síbí, ọmọdé wa pàápàá sì mọ̀ ọ́n: Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Ó dáa. Àwa ọmọ ilẹ̀ tí Ògún ti mu ẹmu, kí ló wá dé tí ọ̀bẹ àpò wa kò lè gé tòmátì láì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kó fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀ ná.

Ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sínú èèkù rẹ̀ ni mo bá wá. Èyí tí àgbẹ̀ fi ń bó ọsàn lábẹ́ igi kòkó, tí oníná fi ń bó ara wáyà, tí ọdẹ fi ń la ikùn òyà, tí ìyá fi ń gé okùn àpò gaàrí. N kò bá ti àdá wá, n kò sì bá ti ọ̀bẹ ìdáná wá. Ìdí tí mo fi yà á sọ́tọ̀ ni pé ohun tó bá àdá lára mu gan-an ló ń ba ọ̀bẹ àpò jẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kò sì lè pọ́n ara rẹ̀ náà. Kí ni a ó fi pọ́n ọn? Báwo la ó ṣe mú un? Ìgbà wo la ó mọ̀ pé ó tó?

Kí ló ń pa ojú ọ̀bẹ?

Oníṣègùn kì í po àgbo kó tó bèèrè ibi tó ń dun aláìsàn. Ọ̀bẹ náà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ṣe é.

Ẹ wò ó bí ọ̀bẹ ṣe rí. Ó ní ẹ̀yìn, ibi tó nípọn. Láti ẹ̀yìn ló ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ojú, ẹ ó rí ìlà kan níbi tí irin ti tún rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ jẹ́ ká pe ibẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni ojú ọ̀bẹ. Tí ìpàdé yẹn bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣe gúnrégé, ọ̀bẹ mú. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ kú.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà kú. Ó lè tẹ̀: ojú náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí etí ewé tí oòrùn pa. Ó lè jẹ: irin orí rẹ̀ ti lọ, ó ti di róbótó. Ó sì lè kán léyín, pàápàá tí ẹnì kan bá ti fi ọ̀bẹ yín ṣí agolo mílíìkì. (Ẹ mọ ara yín.)

Èyí tó tẹ̀ kò nílò òkúta. Ẹ ti rí alápatà tó ń fi ọ̀bẹ nu ara ọ̀pá irin tàbí ẹ̀yìn ọ̀bẹ mìíràn, ṣàà, ṣàà, kó tó gé ẹran fún yín. Ojú tó tẹ̀ ló ń tò padà, kò tíì máa pọ́n ọn. Èyí tó jẹ ló nílò òkúta. Èyí tó kán léyín nílò òkúta tó rí ṣágiṣàgi, àti sùúrù.

Báwo lẹ ó ṣe mọ ibi tí ojú ti kú? Ẹ gbé ọ̀bẹ síwájú oòrùn tàbí iná, kí ojú rẹ̀ kọjú sókè sí yín, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ojú tó mú kì í tàn, nítorí kò ní ìbú tí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìlà funfun tó ń kọ mànà, ibẹ̀ ló ti kú. Ẹ ó rí i pé ìdí ọ̀bẹ sábà máa ń mú síbẹ̀, tí àárín àti ṣóńṣó á sì ti kú, nítorí ibẹ̀ la ń lò jù.

Irin wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Mo fẹ́ yára kọjá níbí, ṣùgbọ́n a ò lè fò ó. Irin ọ̀bẹ àpò pín sí ọ̀nà méjì: irin oníkábọ́nù tó ń dípẹtà, àti èyí tí à ń pè ní stainless. Stainless gbọ́dọ̀ ní kírómíọ̀mù, èròjà tó ń dènà ìpẹtà, tó nǹkan bí 10.5 nínú 100 ó kéré tán. Kò túmọ̀ sí pé kò lè dípẹtà. Ẹ gbé e sínú àpò tó tutù fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò, ẹ ó rí i.

Ọ̀bẹ Opinel ti ilẹ̀ Faransé, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1890, ló jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí rọrùn láti rí. Ọ̀bẹ kan náà ni, èèkù igi kan náà, ṣùgbọ́n a máa ń rí “Carbone” lára òmíràn, a sì máa ń rí “Inox”, ìyẹn stainless, lára òmíràn. Èyí tí wọ́n kọ Carbone sí yára pọ́n lórí òkúta, ó sì ń mú gan-an, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi gé ọsàn tí ẹ kò nù ún, kó tó di alẹ́ á ti yí àwọ̀ padà. Inox le díẹ̀ láti pọ́n, kì í sì í tètè yí àwọ̀.

Ọ̀bẹ Victorinox ti àwọn ará Switzerland, ilé iṣẹ́ tí Karl Elsener dá sílẹ̀ ní 1884, tó fún àwọn ọmọ ogun wọn ní ọ̀bẹ ní 1891, tó sì gbé ọ̀bẹ ọ̀gágun olókìkí yẹn jáde ní 1897, stainless ni. Irin rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìgbàlódé, àwọn kan sì ń fi ìyẹn bú u. Èmi ò bá wọn bú u. Irin tó rọ̀ díẹ̀ yára kú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń mú padà, kì í sì í sábà kán léyín. Ẹni tí kò ní òkúta dáyámọ́ǹdì nílé, kí ló fẹ́ fi irin tó le bí eyín erin ṣe?

Ohun tí a fi ń pọ́n ọn

Orí ọ̀rọ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé àwọn tí kò yẹ kúrò lọ́nà.

Gíráńdà. Apọ́nbẹ tó ń yí ẹ̀rọ lẹ́bàá ọjà, tí iná ń ta pàràpàrà lára irin. Ó dùn ún wò. Fún àdá, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ojú ọ̀bẹ àpò ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó: ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta ti tó láti sun ún. Irin máa ń fi àwọ̀ sọ bó ṣe gbóná tó. Ní nǹkan bí 220 dígírì Celsius, ó rí bí koríko gbígbẹ. Ní nǹkan bí 250, ó rí bí awọ ẹ̀pà. Tó bá tó nǹkan bí 300, ó di aró. Ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ti di aró, agbára tí alágbẹ̀dẹ fi sínú rẹ̀ ti jáde. Lónìí á mú, lọ́la á kú, òkúta kankan ò sì lè dá a padà, àfi kí ẹ pọ́n ibi tó di aró náà dànù pátápátá. Tí ẹ kò bá rí ọ̀nà mìíràn ju gíráńdà lọ, kí apọ́nbẹ fi ọ̀bẹ kan ẹ̀rọ díẹ̀, kó tì í bọ omi, kó tún fi kàn án. Tí omi bá ń ṣe ṣìì tí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Fáìlì. Irin àdá rọ̀, fáìlì ń jẹ ẹ́. Irin ọ̀bẹ àpò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀, tàbí kó ya á jákajàka.

Àpáta ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà bá àpáta lẹ́yìnkùlé tí àdá ti gbẹ́ kòtò sí. Àpáta granite ni ọ̀pọ̀ òkè wa, ẹ wo Olósùnta àti Òrólè ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lẹ̀ mọ́ra nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀: quartz tó le ju irin ọ̀bẹ lọ, feldspar tí kò le tó o, àti mica tó ń bó bí ìpẹ́ ẹja. Hóró tó le á fá irin, èyí tó rọ̀ á jẹ́ kó yọ̀. Àdá lè fara da ìyẹn. Ọ̀bẹ àpò á kún fún ìlà jíjìn. Ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sàn díẹ̀, nítorí quartz ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kò dọ́gba láti ibì kan sí èkejì.

Ìkẹrin, nǹkan kékeré oníhò tó ní irin méjì tó pàdé bí lẹ́tà V, tí à ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ kọjá. Kíákíá ni. Ìdí tó fi yára ni pé ó ń họ irin kúrò bí ẹni họ ìpẹ́ ẹja. Á fi ojú sílẹ̀ ní jákajàka, igun tí wọ́n sì ti ṣe mọ́ ọn ni yóò máa lò, ì báà bá ọ̀bẹ yín mu, ì báà má bá a mu.

Ó ku ohun tó yẹ. Mo mú mẹ́rin wá, ẹ kò sì nílò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì, èyí tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń pọ́n ẹnu pílénì. Ojú kan rí ṣágiṣàgi, ojú kejì kúnná. Ẹ ra èyí tó gùn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ tó 5. Èyí tó kéré jù á mú kí ọwọ́ yín máa gbọ̀n. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ni hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó: 220 sí 400 ń gbẹ́ irin kúrò, 800 sí 1200 ń pọ́n, 2000 sókè ń dán. Ọ̀bẹ àpò tó dúró sí 1000 ti tó fún iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 8000 fún yín kí ẹ fi máa gé okùn.

Páànù dáyámọ́ǹdì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ eruku dáyámọ́ǹdì mọ́. Ó ń jẹ irin gbogbo, kì í sì í gbẹ́ kòtò. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á fa dáyámọ́ǹdì náà tu. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́.

Pépà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń fi omi lò, pépà dúdú yẹn. Ẹ ra P400, P800 àti P1500, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi omi lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí táìlì tàbí dígí tó tẹ́jú. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, èyí ni mo fọwọ́ sí jù, nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀, dígí kì í sì í gbẹ́ kòtò. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: fífà sẹ́yìn nìkan ni kí ẹ fi lò ó, kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣíwájú, kí ojú máa tẹ̀lé e. Tí ẹ bá fi ojú ṣíwájú, ẹ ó gé pépà náà sí méjì.

Ìkẹrin kò gbà yín ní kọ́bọ̀. Ẹ da ìdí ife tangaran dé. Ẹ ó rí òrùka kan tí kò dán, tí ọwọ́ ń gbọ́ bí yanrìn kíkúnná. Ibẹ̀ ń pọ́n ọ̀bẹ dáadáa tí kò bá tíì kú pátápátá.

Mo gbọ́ ẹni tó béèrè lẹ́yìn: omi ni àbí epo? Bó ṣe wà lára òkúta ni. Iṣẹ́ omi tàbí epo ni láti gbé ìdọ̀tí irin kúrò kó má baà dí ihò òkúta. Òkúta tí ẹ bá ti fi epo bẹ̀rẹ̀, epo ni títí ayé, àyàfi tí ẹ bá fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ló dára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, kì í ṣe òróró ẹ̀pà. Òróró ẹ̀pà máa ń dì bó bá pẹ́, ó ń le bí oje igi, ihò òkúta náà á sì dí. Òkúta olómi, ẹ rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, títí tí kò fi ní yọ ìfófò mọ́.

Igun

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ lè gbàgbé ìdajì rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀bẹ ń mú nítorí igun, ìyẹn bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣe gbé sókè kúrò lórí òkúta tó nígbà tí a bá ń pọ́n ọn. Ẹni tó ní òkúta olówó ńlá, tí igun rẹ̀ ń yí padà, ọ̀bẹ rẹ̀ kò ní mú. Ẹni tó ní ìdí ife tangaran, tí igun rẹ̀ dúró, á fi ọ̀bẹ gé ìwé ìròyìn bí ẹni gé omi. Igun kan. Kì í ṣe igun tó dára jù láyé. Igun kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èwo wá ni? Fún ọ̀bẹ àpò, nǹkan bí 20 dígírì lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi tirẹ̀ bó ọsàn àti iṣu, tàbí usu bí àwọn ará ilé ti ń pè é, lè sún un sí 15. Ẹni tó ń fi gé okùn ọ̀rá àti igi, kó lọ sí 25. Igun tó kéré mú jù, ó sì yára kán. Èyí tó tóbi kò mú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fara da ìyà.

Kò sí ẹni tó ní ojú tó ń rí 20 dígírì. Nítorí náà, ẹ lo rúlà ọmọ iléèwé. Ẹ wọn ìbú ọ̀bẹ láti ojú dé ẹ̀yìn. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ni gíga tí ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí òkúta. Ọ̀bẹ tó fẹ̀ tó 24 mílímítà, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè 8 mílímítà: ẹ ti wà ní nǹkan bí 20 dígírì nìyẹn. Tí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, 6 mílímítà, ẹ ti sún mọ́ 15. Ẹ ká ìwé títí yóò fi nípọn tó gíga yẹn, ẹ fi í sábẹ́ ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á yọ.

Kí ló ń yí igun padà? Ọrùn ọwọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó le bí igi. Ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká ni kí ẹ fi máa rìn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igun yín tọ̀nà, ẹ mú máákà dúdú, ẹ kùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bẹ láti ìdí dé ṣóńṣó. Ẹ fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ gbé e wò. Tí dúdú bá parẹ́ ní òkè, níhà ẹ̀yìn ọ̀bẹ, tó sì kù létí ojú, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù: ẹ lè pọ́n ọn títí di alẹ́, òkúta ò ní kan ojú. Tó bá jẹ́ etí ojú nìkan ló parẹ́, ẹ gbé e sókè jù. Tó bá parẹ́ láti òkè délẹ̀, ẹ ti bá igun tí wọ́n fi ṣe ọ̀bẹ náà pàdé. Máákà yìí ń bá àṣìṣe wí láì pariwo. Ẹ kùn ún léraléra.

Irun irin

Ẹ jẹ́ ká wá pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ òkúta kó má baà rìn. Tí ọ̀bẹ bá ní lọ́ọ̀kì, ẹ rí i pé ó ti mú dáadáa. Èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì, tó jẹ́ sípíríǹgì nìkan ló gbé e dúró, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, ìka yín ló máa pa dé lé.

Apá kan lẹ ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gbé ìdí ọ̀bẹ lé òkúta, ẹ máa tì í lọ bí ẹni fẹ́ bẹ́ òkúta náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó fi máa dé òpin, ṣóńṣó ló kù lórí rẹ̀. Bí ojú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọrọdọ lọ sí ṣóńṣó, ẹ gbé èèkù sókè díẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè máa kan òkúta síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ṣóńṣó jábọ́ kúrò létí òkúta. Bí ṣóńṣó ṣe ń di róbótó nìyẹn. Agbára ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní sìkéèlì, ẹ gbé òkúta lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́: kílò kan sí kílò kan àbọ̀ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ìparí, kí ìwúwo ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ tó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbà mélòó lẹ ó tì í? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ka mẹ́wàá lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì, wọ́n á ní ó parí. Ọ̀bẹ kò mọ ìṣirò. Ẹ máa pọ́n apá kan ṣoṣo, ó lè gba 50, ó lè gba 100 tó bá ti kú pátápátá, títí tí irun irin fi máa yọ.

Kí ni irun irin? Nígbà tí òkúta bá ti jẹ apá kan dé ojú gan-an, irin tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé kò lè dúró mọ́. Á wọ́ lọ sí apá kejì. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, ọwọ́ ló ń gbọ́ ọ. Ẹ fi àtàǹpàkò sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ní apá tí ẹ kò pọ́n, ẹ rọra fà á wá sí ìhà ojú, kó sì bọ́ kúrò lójú náà bọ́ sí afẹ́fẹ́. Ẹ má fà á lọ gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe gùn o! Ẹ ó gbọ́ nǹkan tó há ọwọ́ díẹ̀, bí etí agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Tí ọwọ́ bá ṣiyèméjì, ẹ fi òwú kékeré ṣe é; irun irin á fa òwú náà.

Kó yọ láti ìdí dé ṣóńṣó, kó má ku ibì kan. Ibi tí kò bá ti yọ, òkúta kò tíì dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ ó yí ọ̀bẹ padà, kí ẹ pọ́n apá kejì títí tí irun á fi padà sí apá àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bọ́ sí ojú òkúta tó kúnná, 15 sí 20 lápá kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ fúyẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹ̀tàn wà. Ọ̀bẹ tí irun irin ṣì wà lójú rẹ̀ ń mú! Ó ń gé ìwé, ó ń fá irun apá. Ẹ̀yin á dunnú, ẹ ó fi sápò. Ẹ gé iṣu méjì, irun yẹn á ya dànù tàbí kó wó, ọ̀bẹ á sì kú lójijì. Ẹ ó ní irin rẹ̀ kò dára, ẹ ó bú ẹni tó tà á. Ìyọ irun ló kù tí ẹ kò ṣe. Ẹ máa yí ọ̀bẹ, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ fífúyẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tó bá ṣì ń há ọwọ́, ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lápá kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, awọ. Bẹ́líìtì àtijọ́ tó bá jẹ́ awọ gidi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán ni kí ẹ lò. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ẹ lè fi ọṣẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún dídán irin pa á, tàbí kí ẹ lò ó lásán. Sẹ́yìn nìkan ni, 15 sí 20 lápá kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dé òpin awọ, ẹ dá ọ̀bẹ dúró kí ẹ tó gbé e. Ẹni tó bá ń yí i sókè bó ti ń dé òpin, ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ló ń pa. Ẹni tó bá ń fi awọ nu ọ̀bẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó tún padà sórí òkúta.

Ọ̀bẹ tó kán léyín ńkọ́? Ẹ má ṣe pọ́n apá kan jù nítorí eyín náà. Ẹ gbé ojú ọ̀bẹ dúró ṣánṣán lórí òkúta ṣágiṣàgi, bí ẹni fẹ́ gé òkúta náà, ẹ fà á títí eyín á fi tán. Ó dunni láti ṣe, mo mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ igun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú

Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Òwe ọ̀bẹ àpò ni ìyẹn, nítorí èèkù rẹ̀ ni àkọ̀ rẹ̀. Oje ọsàn, oje ìdí ẹ̀gẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹran, erùpẹ̀ pupa oko, gbogbo rẹ̀ lẹ ń ká pa mọ́ inú èèkù, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹ oríkèé.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí lọ́sẹ̀ méjì méjì nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ inú èèkù àti oríkèé. Ẹ fẹ́ omi jáde, ẹ nù ún, ẹ fi sínú oòrùn fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé, ẹ̀kán kan. Mo ní ẹ̀kán kan. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ìgbà mẹ́wàá, ẹ nu èyí tó bá yọ síta. Epo tó pọ̀ jù ló ń mú eruku mọ́ra tó fi ń di ẹrẹ̀.

Èèkù igi bíi ti Opinel, ẹ má rì í sómi. Igi á wú, á sì di ọ̀bẹ mú débi pé ẹ lè má rí i ṣí. Nígbà òjò ẹ fi aṣọ tútù nù ún nìkan.

Tí ọ̀bẹ bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, súkúrù oríkèé ló tú. Orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oníràwọ̀, T6 tàbí T8. Ẹ má fi sukudíráfà pẹlẹbẹ ba á jẹ́. Ẹ yí i ní ìdá kan péré nínú mẹ́jọ ìyípo kan, kí ẹ tún dán an wò. Èyí tó ń lo lọ́ọ̀kì, ẹ wo ibi tí lọ́ọ̀kì ti ń mú: erùpẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ tó láti mú kí ọ̀bẹ pa dé lójijì lé ìka.

Ìpẹtà pupa, ẹ fi kẹrosíìnì rin ín mọ́jú, ẹ fi pépà P1500 nù ún. Tí irin oníkábọ́nù bá di eérú-eérú lẹ́yìn tó gé ọsàn àti àlùbọ́sà, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọ̀ yẹn kò léwu, ó tilẹ̀ ń dín ìpẹtà kù. Ẹ má tọ́jú ọ̀bẹ sínú àpò awọ fún ìgbà pípẹ́ nígbà òjò, awọ ń fa omi mọ́ra.

Òkúta náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Tí ẹ bá ń lo àárín rẹ̀ nìkan, á gbẹ́ kòtò, kòtò á sì máa yí igun yín padà láì jẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà síwá sẹ́yìn sí ojú rẹ̀, ẹ fi omi gbo ó lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú títí gbogbo ìlà á fi parẹ́. Ibi tí ìlà bá kù sí, ibẹ̀ ló lọ sílẹ̀.

Ó tó báyìí. Táìlì mẹ́ta, pépà àti báàfù omi wà lórí tábìlì yẹn. Máákà náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá mú ọ̀bẹ wá, kó tò sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ pa á dé kí ẹ tó gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn bàbá ṣíwájú.